Ìpèníjà Lílo Ẹ̀rọ Afèsì fún Kíkọ́ Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì lórí Ayélujára: Ojúṣe Olùkọ́ Èdè Yorùbá

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò àwọn ìpèníjà tó ń kojú olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí wọ́n bá ń lo ẹ̀rọ afèsì láti kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lórí ayélujára. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ tọ́ka sí ni àìsí iná mọ̀nàmọ́ná àti owó dátà. A gbà pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìpèníjà èdè jinlẹ̀ ju ìwọ̀nyí lọ, nítorí pé bí iná bá dé tí dátà sì wà, ẹ̀rọ tí kò gbọ́ èdè ọmọ kò lè fún ọmọ ní èsì tí yóò yé e. A lo ẹ̀kọ́ kan nípa ipá àti ìrìn gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, a sì dábàá àwọn ohun tí olùkọ́ èdè Yorùbá lè ṣe láìdúró de ẹnikẹ́ni.

1. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, èrò ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni pé ilé-ẹ̀kọ́ gíga àti ọmọ ọlọ́lá nìkan ni ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ orí ayélujára kàn. Ní oṣù Kẹta ọdún náà, àrùn Kòrónà mú kí wọ́n ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ pa jákèjádò Nàìjíríà. Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n di kíláàsì. Fóònù tí àwọn òbí fi ń pe oníbàárà di pátákó ìkọ̀wé. Olùkọ́ tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀kọ́ sínú fóònù, ó sì ń fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Ohun kan hàn kedere ní àsìkò náà. Rédíò ń sọ̀rọ̀, kò gbọ́ èsì. Ọmọ tí ẹ̀kọ́ kò bá yé kò ní ẹni tí yóò bi. Bẹ́ẹ̀, àwọn àgbà ní abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Ìbéèrè gan-an sì ni ẹsẹ̀ tí sáyẹ́ǹsì fi dúró: ọmọ yóò wo nǹkan, yóò sọ ohun tó rò pé yóò ṣẹlẹ̀, yóò dán an wò, yóò rí èsì, yóò sì tún béèrè. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ fi ń wá ẹ̀rọ tí ó lè gba ìbéèrè ọmọ, tí ó sì lè dá a lóhùn.

Olùkọ́ èdè lè rò pé ti olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni ọ̀rọ̀ yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àdánwò, ṣùgbọ́n olùkọ́ èdè ló mọ ohun tí ọmọ gbọ́ nígbà tí a dárúkọ ohun náà fún un.

Pé a lè fi èdè Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì kì í ṣe àríyànjiyàn mọ́. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ Ìwádìí Ọlọ́dún Mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Modákẹ́kẹ́. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé wọn wò pẹ̀lú àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnu olùkọ́ àti ìwé ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ náà. Ìbéèrè tó wà níwájú wa lónìí ni bí ohun tí ẹnu àti ìwé ṣe nígbà náà yóò ṣe ṣẹ nínú ẹ̀rọ.

Ìbéèrè yìí tún le sí i báyìí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ ìṣèjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tó ní kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kéde pé òun ti wọ́gi lé e, àti pé Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi kọ́ni. Ìlànà ìjọba lè yí padà láàárín ọdún mẹ́ta. Èdè tí ọmọ fi ń ronú nílé kì í yí padà báyẹn.

2. Kí ni Ẹ̀rọ Afèsì?

Ohun tí a pè ní ẹ̀rọ afèsì nínú iṣẹ́ yìí ni ìmọ̀ ẹ̀rọ èyíkéyìí tí ó ń yí ohun tó ń fi hàn padà nítorí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe sí i. Fídíò tí ọmọ kàn ń wò kì í ṣe ẹ̀rọ afèsì. Ìbéèrè orí fóònù tó ń sọ fún ọmọ lójú ẹsẹ̀ pé ó gbà á tàbí kò gbà á jẹ́ ọ̀kan. Àfarawé orí ẹ̀rọ, níbi tí ọmọ ti lè fi ìka ti nǹkan kí ó sì rí bí yóò ṣe rìn, jẹ́ òmíràn.

Lára èyí tó gbajúmọ̀ jù lọ nínú irú àfarawé bẹ́ẹ̀ ni PhET, tí Carl Wieman dá sílẹ̀ ní ọdún 2002 ní Yunifásítì Colorado tó wà ní Boulder, ní Amẹ́ríkà. Ọdún kan ṣáájú ni òun àti àwọn méjì mìíràn gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì. Ọ̀fẹ́ ni àwọn àfarawé náà. Wọ́n lè fi han ọmọ ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò lówó láti rà: wáyà àti gílóòbù, omi tó ń di yìnyín, àti ẹgbẹ́ méjì tó ń fa okùn mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Forces and Motion: Basics, ni a ó lò láti ṣàlàyé ìpèníjà tó kàn.

3. Ìpèníjà Ọ̀rọ̀-Ìperí

Nínú àfarawé yìí, kẹ̀kẹ́ kan wà láàárín, okùn wà lápá méjèèjì rẹ̀. Ọmọ yóò mú àwọn ènìyàn búlúù sí apá kan, yóò mú àwọn ènìyàn pupa sí apá kejì, yóò sì tẹ bọ́tìnnì kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Kò sí ọmọ Yorùbá tí eré yìí yóò ṣe àjèjì sí. Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó wà lójú ẹ̀rọ.

Gẹ̀ẹ́sì ya force, energy àti power sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìmọ̀ físíìsì. Bí a bá bi ènìyàn mẹ́wàá pé kí ni Yorùbá wọn, ọ̀pọ̀ yóò fi agbára dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A ń sọ pé alágbára ni ẹni tó fa okùn, a ń sọ pé oúnjẹ ń fún ara ní agbára, a sì ń sọ̀rọ̀ nípa agbára iná. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, èyí kò ṣe ohunkóhun. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá bi ọmọ ní ìbéèrè mẹ́ta tó yàtọ̀ síra, tí ọmọ sì kọ agbára sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀rọ kò ní lè mọ̀ bóyá ó yé e tàbí kò yé e.

Èdè Yorùbá kò tòṣì. Ipá wà níbẹ̀. Nínú tipátipá àti fi ipá mú, ipá ni ohun tí ẹnìkan ń ṣe sí nǹkan tàbí sí ẹlòmíràn láti mú un kúrò níbi tó wà. Èyí sún mọ́ ohun tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń wí gan-an. Nítorí náà, a dábàá ipá fún títì tàbí fífà, agbára fún ohun tó wà nínú nǹkan tí ó fi lè ṣe iṣẹ́, àti ìyára-iṣẹ́ fún bí iṣẹ́ náà ṣe ń yá sí. Olùkọ́ mìíràn lè yan ọ̀rọ̀ mìíràn. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ọ̀rọ̀ kan má ṣe iṣẹ́ mẹ́ta nínú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo.

Ìtumọ̀ òréfèé pẹ̀lú máa ń ṣi ọmọ lọ́nà. Àpótí kan wà lójú àfarawé náà tí a kọ Sum of Forces sí. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí àròpọ̀ ipá, ọmọ tó mọ ìṣirò yóò ro 150 pọ̀ mọ́ 100, yóò sì kọ 250. Apá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì sì ń fà á sí; ohun tó ṣẹ́kù láti gbé kẹ̀kẹ́ lọ ni 50. Ipá àṣẹ́kù yóò ran ọmọ lọ́wọ́ níhìn-ín ju àròpọ̀ ipá lọ. Bákan náà ni bọ́tìnnì tí a kọ Go! sí. Lọ! kọ́ ni Yorùbá ń wí nígbà tí eré bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó yá! ni.

Àwọn aṣíwájú wa ti fi ọ̀nà hàn. Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀ ní ọdún 1984, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú apá kejì ní ọdún 1990, ló jẹ́ kí a lè fi Yorùbá kọ́ ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ lónìí láìwọ́lẹ̀. Àjọ NERDC náà ti gbé àkójọ ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jáde ní èdè Nàìjíríà mẹ́sàn-án, Yorùbá sì wà lára wọn. Orí ìwé ni àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wà. Iṣẹ́ tó kù ni láti gbé wọn wọ inú ẹ̀rọ.

4. Ìpèníjà Àkọtọ́ àti Àmì Ohùn

Ká ní ẹ̀rọ bi ọmọ pé, "Kí ni ó mú kí kẹ̀kẹ́ náà rìn?" Ọmọ sì tẹ lẹ́tà mẹ́rin yìí: okun. Kí ni ó ní lọ́kàn? Bí ó bá jẹ́ okùn, ohun tí a fi fà á ni ó dárúkọ. Bí ó bá jẹ́ okun, ó ń sọ nípa ohun tó wà nínú ara àwọn tó ń fà á. Bí a bá tún fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ sórí fáwẹ̀lì àkọ́kọ́, ó di òkun tí ọkọ̀ ojú omi ń rìn lórí rẹ̀. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, méjì nínú mẹ́ta lè jẹ́ ìdáhùn ọmọ tó ń ronú, ìyàtọ̀ tó sì wà láàárín wọn ni ìyàtọ̀ tí ẹ̀kọ́ náà fẹ́ kọ́ ọ. Èyí tún jẹ́ ìdí kan tí a kò fi dábàá okun ní ipò agbára lókè.

Olùkọ́ tó wà níwájú ọmọ yóò gbọ́ ohùn rẹ̀, yóò sì mọ èyí tó ń wí. Ẹ̀rọ tó ń ka lẹ́tà kò gbọ́ ohùn. Ọ̀pọ̀ fóònù tó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ni kò sì sí bọ́tìnnì Yorùbá lójú wọn títí ẹnìkan yóò fi ṣètò rẹ̀. Nítorí náà ọmọ á kọ s dípò ṣ, á kọ e dípò ẹ, á sì fi àmì ohùn sílẹ̀ pátápátá.

Ìṣòro mìíràn wà tí ojú kò rí. Lẹ́tà ẹ́ àti ọ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú ètò Unicode tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà. Ẹ̀rọ ní láti to lẹ́tà àti àmì pọ̀, ọ̀nà tí a sì lè gbà tò wọ́n ju ẹyọ kan lọ. Ọmọ méjì lè tẹ ọ̀rọ̀ kan náà, kí ojú ènìyàn rí i bákan náà, síbẹ̀ kí ẹ̀rọ sọ fún ọ̀kan pé ó gbà á, kí ó sì sọ fún èkejì pé kò gbà á, bí ẹni tó ṣètò ìbéèrè náà kò bá ti mọ èyí tẹ́lẹ̀. Ọmọ tó kọ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú àmì tó pé, tí ẹ̀rọ sì fi àmì pupa ko lójú, ẹ̀kọ́ méjì ni yóò kọ́: pé òun kò mọ sáyẹ́ǹsì, àti pé àmì ohùn kò wúlò. Irọ́ ni méjèèjì.

Àwọn ẹ̀rọ tó ń túmọ̀ èdè àti àwọn tó ń bá ènìyàn tàkùrọ̀sọ kò tíì mú ìpèníjà yìí kúrò. Google fi Yorùbá kún èdè tí ó ń túmọ̀ ní ọdún 2013, láti ìparí ọdún 2022 sì ni àwọn ẹ̀rọ tó ń kọ èsì fúnra wọn ti gbòde. Wọ́n wúlò, ṣùgbọ́n wọ́n lè fi àmì ohùn síbi tí kò yẹ, wọ́n sì lè hun ọ̀rọ̀-ìperí tí ẹnikẹ́ni kò lò rí pẹ̀lú ìdánilójú tó ń tan ọmọ jẹ. Olùkọ́ ní láti ka ohun tí wọ́n bá kọ kí ọmọ tó kà á.

5. Ìpèníjà Iná, Dátà àti Irinṣẹ́

A kò gbójú fo èyí dá. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, fóònù kan ṣoṣo ló wà, bàbá tàbí ìyá sì ti gbé e jáde kí ilé-ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá dé ní alẹ́, iná lè má sí láti fi sàájì í. Àfarawé tó ń lọ geere lórí kọ̀ǹpútà lè kéré jù lójú fóònù kékeré.

Ẹ̀rọ pẹ̀lú a máa gbó. Ọ̀pọ̀ ètò ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ètò Flash ṣe nígbà kan. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Adobe dá àtìlẹyìn Flash dúró ní òpin ọdún 2020, àwọn ẹ̀kọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tún ṣe kú mọ́ ọn. Àwọn àfarawé PhET tí a ti fi ètò tuntun tún ṣe kò kú. Wọ́n tilẹ̀ ní àǹfààní kan tó bá ipò wa mu: a lè gbà wọ́n sínú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níbi tí ayélujára wà, kí a sì máa lò wọ́n níbi tí kò sí.

6. Àpẹẹrẹ Ẹ̀kọ́ Kan

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ fi hàn yìí wà fún ọmọ tó ń lo fóònù òbí rẹ̀ nílé.

(i) Kí ó tó fọwọ́ kan fóònù, kí òun àti ẹlòmíràn nínú ilé di ògbólógbòó aṣọ kan mú lápá méjèèjì, kí wọ́n fà á. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fà á lọ́nà tí aṣọ kò fi ní lọ sí apá kankan.

(ii) Kí olùkọ́ fi ohùn ránṣẹ́, kí ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré: ipá, ipá àṣẹ́kù àti ọ̀mì. Ọmọ ti mọ ọ̀mì tẹ́lẹ̀ nídìí ayò àti bọ́ọ̀lù. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, ọ̀mì ni ìgbà tí ipá apá méjèèjì bá dọ́gba.

(iii) Kí ọmọ sọ ohun tó rò pé yóò ṣẹlẹ̀ bí ipá 150 bá wà lápá kan tí 100 sì wà lápá kejì, àti bí 100 bá wà lápá méjèèjì. Kí ó fi ohùn ara rẹ̀ sọ ọ́, kì í ṣe pẹ̀lú lẹ́tà.

(iv) Lẹ́yìn èyí ni kí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí àfarawé, kí ó tẹ Ó yá!, kí ó sì wò ó bóyá bí òun ṣe sọ ló rí.

(v) Kí òun àti olùkọ́ jíròrò lórí ohun tó rí. Ìjíròrò náà lè lọ báyìí:

Akẹ́kọ̀ọ́: Ẹ káàsán, mà. Kẹ̀kẹ́ náà kò rìn, torí pé kò sí ipá níbẹ̀.
Olùkọ́: O ṣeun, ọmọ mi. Nígbà tí ìwọ àti àbúrò rẹ jọ fa aṣọ tí kò sún, ṣé ọwọ́ kò ro yín?
Akẹ́kọ̀ọ́: Ó ro wá, mà.
Olùkọ́: Kí ló wá ń ro yín lọ́wọ́ bí kò bá sí ipá?
Akẹ́kọ̀ọ́: Háà! Ipá wà, mà. Ọ̀mì ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níhìn-ín. Ẹ̀rọ nìkan ì bá sọ fún ọmọ náà pé kò gbà á, ọ̀rọ̀ ì bá sì parí síbẹ̀. Olùkọ́ dá a padà sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀. Fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama, a lè tẹ̀ síwájú: kí wọ́n mú kí ipá di ọ̀mì nígbà tí kẹ̀kẹ́ ti ń rìn lọ. Wọn yóò rí i pé kẹ̀kẹ́ kò dúró. Ó ń lọ ní ìyára kan náà. Ohun tí Isaac Newton kọ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1687 nìyí, ó sì ṣòro fún àgbàlagbà pàápàá láti gbà. Bí ọmọ bá ti di ọ̀rọ̀ ọ̀mì mú láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ní ohun tí yóò fi sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

7. Àbá

Àbá wa nìwọ̀nyí:

(a) Kí olùkọ́ èdè àti olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní ilé-ẹ̀kọ́ kan náà jókòó pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kí wọ́n yan ọ̀rọ̀-ìperí tí wọn yóò lò, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ àti òbí.

(b) Kí àwọn tó mọ èdè dá sí ìtumọ̀. PhET ní ètò tí olùyọ̀ǹda-ara-ẹni lè fi túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ ojú àfarawé sí èdè rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ ṣí àfarawé náà wò kí ó tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ kankan, kí Ó yá! má baà di Lọ!

(d) Kí ẹni tó bá ń ṣètò ìbéèrè orí ẹ̀rọ fún àwọn ọmọ kékeré lo àwòrán àti ohùn ju lẹ́tà títẹ̀ lọ. Níbi tí lẹ́tà bá ti pọn dandan, kí ó gba gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà kọ ìdáhùn tó tọ̀nà.

(e) Kí a kọ́ ọmọ bí a ṣe ń tẹ Yorùbá pẹ̀lú àmì lórí fóònù gẹ́gẹ́ bí apá kan iṣẹ́ àkọtọ́.

(ẹ) Kí olùkọ́ gba àfarawé sínú ẹ̀rọ ṣáájú, kí ó sì fi ẹ̀kọ́ ohùn tí kò gùn ránṣẹ́, kí owó dátà má baà lé ọmọ tálákà kúrò ní kíláàsì.

(f) Kí ilé-ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni níṣẹ́ olùkọ́ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá àti akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì jọ ṣe ẹ̀kọ́ orí ẹ̀rọ kan pọ̀, ó kéré tán, kí wọ́n tó jáde.

Àwọn olùkọ́ èdè mìíràn ní orílẹ̀-èdè yìí lè yí àbá wọ̀nyí padà sí èdè tiwọn. Ìpèníjà àmì ohùn kò mọ sí Yorùbá nìkan, ìpèníjà ọ̀rọ̀-ìperí sì kan gbogbo wa.

8. Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti fi hàn pé iná, dátà àti irinṣẹ́ jẹ́ ìpèníjà tòótọ́ fún kíkọ́ sáyẹ́ǹsì lórí ayélujára, ṣùgbọ́n pé owó lè yanjú wọn. Owó nìkan kò lè yanjú ìyàtọ̀ tó wà láàárín okùn àti okun, tàbí kí ó sọ fún ẹ̀rọ pé ipá yàtọ̀ sí agbára. Iṣẹ́ olùkọ́ èdè nìyẹn. Bí a kò bá ṣe é, ẹ̀rọ yóò máa fèsì fún àwọn ọmọ wa ní èdè tí wọn kò fi béèrè, wọn yóò sì rò pé sáyẹ́ǹsì ni kò yé wọn. Ìlànà tí ìjọba gbé kalẹ̀ lónìí lè tún yàtọ̀ lọ́la. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a bá yàn, tí a dán wò pẹ̀lú àwọn ọmọ, tí a sì gbé wọ inú ẹ̀rọ, ni olùkọ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa yóò bá níbẹ̀.